Òkúta Ìyá Ọlọ́dà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, ẹ bi àwọn ìkòkò ilé wa. Kò sí èyí tí ìdí rẹ̀ dúdú nínú wọn. Bí wọ́n bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, bàbá mi á gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, á mú irin pẹlẹbẹ rẹ̀, á máa ha á, títí ìyá mi á fi pariwo láti inú ilé pé, "Ẹ fi ìdí ìkòkò mi sílẹ̀ o, kó má baà lu!" Ó ti mọ́ ọn lára ni. Iṣẹ́ tó ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun ni pé ó ń ha ìdí ọkọ̀ ojú omi.

Ibi iṣẹ́ wọn wà létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wọ́ ọkọ̀ gòkè láti inú omi, wọ́n á fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì, omi á máa kán lára rẹ̀, bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí òkun bá ti lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n á ha kúrò. Wọn ò mọ orúkọ tí àwọn oníwèé ń pe nǹkan wọ̀nyẹn, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ fúnra wọn. Ìyẹ̀fun búráùn tó kọ́kọ́ máa ń bo irin, àtíkè ni wọ́n ń pè é. Koríko tútù tó ń tẹ̀lé e, irùngbọ̀n. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń kọ́ ilé funfun tó ká roboto, òrùka nìyẹn. Ìkarahun líle tó ń ya èèyàn lẹ́sẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní eyín, wọn kì í sì í pè é kí wọ́n má ṣépè mọ́ ọn. Ibi tí irin bàbá mi bá kọjá, kò sí ohun tó ń ṣẹ́kù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòṣẹ́kù. Títí tó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ gidi tó ń jẹ́ ládùúgbò wa, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn Kòṣẹ́kù ni ìyá mi máa ń rìn. Òun ló ń kun ìdí ọkọ̀ tí wọ́n bá ti ha tán, Ìyá Ọlọ́dà ni wọ́n sì ń pè é kó tó bímọ rárá. Ọ̀dà tó ń kùn kì í ṣe ọ̀dà ẹwà o. Bàbà ló wà nínú rẹ̀, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ohunkóhun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kú kó tó rí ibi jókòó.

Lórí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti pàdé. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka tọ́ ibì kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ò mọ́." Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ sí Kòṣẹ́kù rí. Inú bí i, ó gbá irin mú, ó ha ibẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé kí òun tó ha á tán, inú ò bí òun mọ́. Ìyá mi á ní irọ́ ni, odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi fajú ro. Inú àríyànjiyàn yìí ni wọ́n bí wa sí, inú rẹ̀ náà la dàgbà sí, mi ò sì tíì rí orin tó dùn mọ́ mi létí tó o.

Òkúta kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀dà, ó tó orí èèyàn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣíwọ́, ìyá mi á nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí i lára kó tó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ọ̀dà gun ọ̀dà lórí òkúta yẹn lọ́dọọdún, títí èèyàn ò fi lè mọ irú òkúta tó jẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá mú àwa ọmọ dé ibẹ̀, èékánná la máa ń fi ṣí i ní ìpele ìpele, ìyá mi á sì gbá wa lọ́wọ́: "Ẹ má fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu o!" Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà níbikíbi, ọrùn ìyá mi ni mo ń rántí. Mo máa ń dúró ti àwọn tó ń kun ilé lójú pópó láìnídìí, wọ́n á rò pé mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa, àwọn kan kó irin, àwọn kan kó okùn. Òkúta yẹn ni bàbá mi gbé wálé, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹlòmíì ń mú wúrà bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ tèmi mú ibi tí mo ti ń nu ọwọ́ bọ̀." Ó fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló sì wà.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi ò sunkún, kò sì ṣàìsàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ ni. Ó fún aládùúgbò kan ní bàtà tó dára jù nínú bàtà rẹ̀. Ó fún ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ẹ̀wù òtútù. Lọ́jọ́ tí mo dé tí mo rí i pé kò sí rédíò mọ́, àyà mi já. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ló máa ń palẹ̀ mọ́ báyẹn.

"Bàbá, rédíò dà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá ló ń pe èmi ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí ilé ìfọṣọ kan ni mo ń bójú tó, ó sì ní mo máa ń pàṣẹ fún òun bí mo ṣe ń pàṣẹ fún àwọn tó ń lọ aṣọ. Òótọ́ ni. Èmi ò ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí àṣẹ kankan pa. Mo padà sílé, mo ń bẹ̀rù pé bàbá mi máa pín gbogbo ẹrù rẹ̀ tán, á wá kan òun fúnra rẹ̀.

Ojú tó ń dùn ún ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nínú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà, àpótí gíláàsì ńlá kan wà tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, àwọn ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ẹja ni gbogbo èèyàn ń wò. Bàbá mi ò tilẹ̀ rí ẹja. Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì, ó ń wo àwọn òkúta ìsàlẹ̀. "Àtíkè rèé," ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. "Irùngbọ̀n. Háà, wo òrùka!" Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀ títí, kò gbọ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ òkúta ló máa fún bàbá mi lẹ́mìí, n ó ra òkúta.

Ọkùnrin kan wà nítòsí ilé ìfọṣọ wa tó ń ta ẹja tí wọn kì í jẹ. Ẹlẹ́ja Wíwò la sọ ọ́. Ó ta àpótí gíláàsì àlòkù kan fún mi, ó sì tẹ̀ lé mi wá sílé bàbá mi láti wá gbé e kalẹ̀. Ó po iyọ̀ mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó to àwọn òkúta funfun gbígbẹ tí ihò wà lára wọn káàkiri, ó tan ẹ̀rọ tó ń da omi rú. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé.

"Bàbá, ẹ má tíì retí ẹja o. Òkúta ló máa kọ́kọ́ yè. Ohun tó bá ń hù lára wọn ló máa sọ fún wa bóyá omi ti dára. Ẹ sáà máa wò wọ́n."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Wọ́n ń sanwó fún mi kí n ha á dànù. Ìwọ wá ń sanwó kó lè hù. Ọ̀gá, ta ni orí rẹ̀ ò pé nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni," mo ní. Ẹlẹ́ja Wíwò ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, òkúta ìyá mi ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wà láàárín àpótí gíláàsì, bàbá mi ti to àwọn òkúta yòókù yí i ká. Pupa ọ̀dà yẹn ń tàn nínú omi, mo sì rí ipa búrọ́ọ̀ṣì ìyá mi kedere, bó ṣe máa ń fà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ má bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ronú. Ọ̀dà tó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́, ta ló máa kà á sí ọ̀dà? Bàbá mi tó mọ agbára ọ̀dà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, òkúta ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rí.

A wá ń retí. Lọ́jọ́ kan, fóònù dún ní ilé ìfọṣọ, obìnrin kan tó ń lọ aṣọ ló gbé e. Ó wá bá mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní bàbá mi ní kí wọ́n sọ fún mi pé àtíkè òun ti dé, ó wá ń bi mí ta ni bàbá fẹ́ máa kun àtíkè fún. Mo sáré lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Lóòótọ́, ìyẹ̀fun búráùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo òkúta kan ní igun tó jìnnà jù. Bàbá mi ti gé irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́. Ó ń fi ìka tọ́ ọ hàn mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń ròyìn ọkọ̀ tó ti rí irú rẹ̀ rí, àti ohun tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀rù sì bà wọ́n.

Kò pẹ́ tí àtíkè náà fi parẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwọ̀ ewé ní ìdí òkúta ìyá mi, ó ń ràn dé ara àwọn tó sún mọ́ ọn. Mo pàtẹ́wọ́. "Bàbá, koríko ti ń hù!"

"Irùngbọ̀n ni," ó ní. Orí àga ló wà, kò dìde wá wò ó.

Ẹlẹ́ja Wíwò kó àwọn ìgbín òkun kéékèèké wá, ó ní wọ́n á máa jẹ koríko náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo wọn ti já bọ́, wọ́n dojú dé nísàlẹ̀. Ó tún kó òmíràn wá, bákan náà ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú omi, ó mi orí. "Bàbá, omi yìí ò gba ẹ̀mí. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń pa wọ́n."

"Bóyá àìsàn ti wà lára ìgbín rẹ kó o tó kó wọn wá," bàbá mi dá a lóhùn, ó sì le mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kó bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kí wa, ó lọ.

Èmi ká apá aṣọ mi sókè. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo fi ìka ra nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn. Ohun tó bá hù nínú omi máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Eléyìí ò yọ̀ rárá, ó ń rún mọ́ mi níka bí ẹfun. Mo mọ àwọ̀ yẹn dáadáa. Òun ló máa ń yọ lára páìpù bàbà tó bá ń jò ní ilé ìfọṣọ, ó sì ti ba kọ́là aṣọ oníbàárà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Mo gbé ìka dé imú. Òórùn irin ni, òórùn ìyá mi sì ni.

"Bàbá, kì í ṣe koríko. Ọ̀dà Màámi ni."

Ó yíjú sí fèrèsé.

"Ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀," ó ní. "Látìgbà tí àtíkè ti parẹ́ ni mo ti mọ̀."

"Ẹ wá ń purọ́ fún mi!"

"Ara mi ni mò ń purọ́ fún. Ìwọ kàn wà nítòsí ni."

Ẹ mọ̀ mí ní onínúfùfù. Mo ní n ó gbé òkúta náà jáde lójú ẹsẹ̀, mo tún ti ọwọ́ bọ omi. Bàbá mi dìde, ó dì mí lápá mú. "Má fọwọ́ kàn án!" Kò pariwo mọ́ mi báyẹn rí láti kékeré mi. "Ibo ni mo tún ti fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Gbogbo ọkọ̀ tó kùn, òmíràn ti rì, òmíràn ti di irin àlòkù. Èmi fúnra mi ni mo ń ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò lára wọn bí wọ́n bá padà wá. Òkúta yìí nìkan ni mi ò ha."

Mo fa ọwọ́ yọ, mo dúró. Òun náà dúró, ó ń wo inú omi. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

"Ṣé o rí ìyá rẹ báyìí? Wọ́n ti ti ibi iṣẹ́ pa. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Òun náà ti lọ sinmi. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́! Kò jẹ́ kí nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ẹkún tí kò sun nígbà ìsìnkú ló ń sun. Mo dì í mú, omi iyọ̀ tó wà lápá mi rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbindin. Mo bá a sunkún, ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Àárò ìyá mi sọ mí.

Kí n tó lọ, mo rọ ohùn mi sílẹ̀. "Bàbá, mi ò ní gbé e kúrò. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó máa yè, èmi sì ń fẹ́ kí nǹkan yè nínú ilé yìí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń fẹ́ kẹ́ ẹ yè." Mo fa ilẹ̀kùn dé.

Mo fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ láìlọ. Ó nira fún mi o, ẹ bi àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àpótí gíláàsì ti ṣófo, ó ti gbẹ, ó sì mọ́ tónítóní. Gbogbo òkúta funfun wà nínú àpò níta, nítorí Ẹlẹ́ja Wíwò ti sọ fún un pé òkúta tó bá ti mu bàbà, á máa bì í sínú omi ni títí. Bàbá mi ló lọ bá a ní ìsọ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbín. Òkúta ìyá mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti nù ún gbẹ.

"Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó tó," bàbá mi ní. "Mo ní ó ti ṣiṣẹ́ tó, kó jókòó."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa òkúta tuntun, òun ló po iyọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àtíkè dé, kò sì parẹ́. Irùngbọ̀n tẹ̀ lé e, ó tutù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ìgbín jẹ ẹ́, wọn ò kú. Òrùka jókòó síbí, ó jókòó sọ́hùn-ún. Bí mo bá ti wọlé, kí n tó kúnlẹ̀ kí i, á ti máa kà wọ́n fún mi. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú, kó lè fi kún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi mi kan, mo wọlé, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú gíláàsì, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yíjú. "Ọ̀gá, wá wo nǹkan."

Mo kúnlẹ̀ tì í. Nínú ihò òkúta kan, nǹkan tíńtín kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ara rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní ìka wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká, ó ń nà wọ́n, ó sì ń kó wọn jọ.

"Kí lẹ ń pe eléyìí?" mo bi í.

Ó wò ó pẹ́. "Mi ò mọ̀."

Mo yíjú wò ó. Kòṣẹ́kù ló ń sọ pé òun ò mọ ohun tó hù nínú òkun. "Ẹ̀yin? Kẹ́ ẹ má mọ̀?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Bí eyín bá ti yọ pẹ́rẹ́, wọ́n á ti wọ́ ọkọ̀ gòkè, èmi á ti ha gbogbo ẹ̀ dànù. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn nìkan ni mo mọ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n dàgbà rí." Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Ta ló mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn eléyìí?"

Mo sọ fún un pé Ẹlẹ́ja Wíwò ní ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí òkúta tó kún. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo kábàámọ̀, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan di orókùn mú, ó ń sún mọ́ gíláàsì sí i.

"Bó o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bá mi ra iyọ̀," ó ní. "Àpò ńlá ni kó o rà."